Sátífíkéètì Ń Bẹ Lára Ògiri, Fáìlì Ń Bẹ Lórí Fíríìjì

Ẹ sún mọ́ mi díẹ̀, ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí à ń pariwo sọ. Bí ẹnikẹ́ni bá bi yín pé ta ló sọ ọ́, ẹ ní afẹ́fẹ́ adágún Michigan ló fẹ́ ẹ wá. Ẹnu mi kọ́ lẹ ti gbọ́ ọ. Èmi kì í sọ̀rọ̀ ẹni lẹ́yìn. Mo kàn máa ń ṣàlàyé ni.

Ṣé ẹ mọ irú ilé tí à ń gbé ní Rogers Park níbí: bíríkì láti ìsàlẹ̀ dé òkè, alájà mẹ́ta, apá ọ̀tún, apá òsì àti ẹ̀yìn, àgbàlá láàárín, iwájú rẹ̀ ló ṣí sí títì. Òyìnbó tó kọ́ irú ilé wọ̀nyí ní nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún sẹ́yìn kò mọ̀ pé agboolé lòun ń kọ́. Abúlé tó dá dúró ni Rogers Park láti 1878 kí Chicago tó gbé e mì lọ́dún 1893. Lónìí, òun ni wọ́n kọ nọ́ńbà kìíní sí lára nínú àdúgbò 77 tí wọ́n pín ìlú náà sí. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká fi ìtàn ìlú sílẹ̀. Ohun tó kàn wá ni pé fèrèsé tèmi ló kọjú sí àgbàlá. Èmi kì í wá òfófó lọ. Iwájú fèrèsé mi ni òfófó ń gbà wọlé, pẹ̀lú àpò ọjà lọ́wọ́.

Obìnrin méjì ló ń ṣe CNA nínú ilé wa. Ẹ mọ iṣẹ́ náà: àwọn ló ń wẹ arúgbó, tí wọ́n ń yí wọn padà lórí bẹ́ẹ̀dì kí ara wọn má baà bó, tí wọ́n ń gbé wọn bọ́ sórí kẹ̀kẹ́. Ọ̀kan ni Ìyá Ìbejì ní àjà kẹta, ẹlẹ́rìn-ín ẹ̀yẹ, tí gbogbo ayé mọ̀. Ìkejì ni Àǹtí Ẹ̀gbá ní àjà kejì, lókè orí mi gan-an, ẹni jẹ́jẹ́ tí ìkíni rẹ̀ kì í kọjá ẹ káàárọ̀. Ilé àgbà ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n ti ń ṣiṣẹ́, n ò sì ní dárúkọ ibẹ̀, torí n ò lówó lọ́yà. Ó wá ṣẹlẹ̀ pé àwọn ọ̀gá wọn méjèèjì rán wọn lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù kan náà láàárín ìlú lọ́jọ́ Sátidé kan, lórí bí a ṣe ń gbé aláìsàn láìba ẹ̀yìn ara ẹni jẹ́, àti ohun tó yẹ ní ṣíṣe bí àgbà bá ṣubú.

Kì í ṣe pé wọn ò mọ iṣẹ́ o. Kí èèyàn tó di CNA ní Illinois, ó kéré tán, wákàtí 120 ni yóò fi kẹ́kọ̀ọ́: 80 nínú kíláàsì, 40 lọ́dọ̀ aláìsàn gan-an. Òfin ìjọba àpapọ̀ tó jáde lọ́dún 1987, 75 péré ló ní kó má dín sí. Illinois ló fi tirẹ̀ kún un. Ìjọba àpapọ̀ tún ní kí ilé àgbà máa fún wọn ní ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tí kò dín ní wákàtí 12 lọ́dọọdún. Bí CNA bá sì lo oṣù 24 gbáko láì ṣe iṣẹ́ náà gba owó, àfi kó tún un kọ́ tàbí kó tún ìdánwò ṣe. Ẹ ò rí i? Àwọn aṣòfin gan-an mọ̀ pé ohun tí a kọ́ tí a ò lò, bí òrí tí a gbé sóòrùn ló ṣe ń yọ́.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni mo rí àwọn méjèèjì tí wọ́n ń bọ̀ láti ibùdókọ̀ Howard. Ìyá Ìbejì gbé báàgì tuntun, bírò tuntun, fáìlì tó nípọn tó Bíbélì, àti sáńwíìsì tòlótòló tó ṣẹ́kù. Kí ẹ má baà rò pé mo ń purọ́, ó fún mi ní ìdajì sáńwíìsì náà. Kò sí ata níbẹ̀ rárá. Mo bi í pé báwo ni ìdánilẹ́kọ̀ọ́ yẹn ti rí. Ó ní, "Mọ́mì, ó dùn gan-an! Olùkọ́ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ fi ẹ̀rín pa wá." Mo ní kí wá ni wọ́n kọ́ yín? Ó ní, "Háà, nǹkan pọ̀ o, Mọ́mì. Ó wà nínú fáìlì."

Ẹ fi ọ̀rọ̀ yẹn sọ́kàn o: ó wà nínú fáìlì.

Kí ilẹ̀ tó ṣú, sátífíkéètì ti wà lórí WhatsApp, àwọn èèyàn ti ń kí i kú oríire láti Èkó dé London. Ọjọ́ kejì ló ra férémù ní Clark Street, ó gbé e kọ́ sáàárín àwòrán ìgbéyàwó àti kàlẹ́ńdà ṣọ́ọ̀ṣì. Fáìlì bọ́ sórí fíríìjì, ike gààrí Ìjẹ̀bú gun orí rẹ̀. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá fẹ́ mu gààrí nìkan ló ń fojú kan fáìlì.

Ọ̀rọ̀ "ó dùn" yẹn ló mú mi rántí nǹkan kan. Ní Wisconsin tó múlé gbè wá níbí, Donald Kirkpatrick tó wà ní yunifásítì ibẹ̀ kọ̀wé lọ́dún 1959 pé ibi mẹ́rin ló yẹ ká ti yẹ ìdánilẹ́kọ̀ọ́ wò: ṣé ó wu àwọn tó gbà á, ṣé wọ́n mọ nǹkan sí i, ṣé ìṣe wọn yí padà lẹ́nu iṣẹ́, ṣé iṣẹ́ náà fúnra rẹ̀ sàn jù ti tẹ́lẹ̀ lọ. Pépà tí wọ́n ní kí Ìyá Ìbejì kọ ìdáhùn sí kó tó jáde, mo rí ẹ̀dà rẹ̀ nínú báàgì. N ò tú báàgì o, ẹnu báàgì ló ṣí sílẹ̀. Ohun tí wọ́n béèrè ni bóyá gbọ̀ngàn tuni lára, bóyá olùkọ́ yá mọ́ni, bóyá oúnjẹ dára. Ibi kìíní nìkan ni wọ́n yẹ̀ wò tí wọ́n fi ti ilẹ̀kùn. Sáńwíìsì gba máàkì márùn-ún nínú márùn-ún. Èmi tí mo jẹ níbẹ̀ ni mo mọ̀ pé ojúsàájú ni.

Ẹ má sì rò pé Amẹ́ríkà nìkan ló ń ṣe bẹ́ẹ̀. Ní Nàìjíríà, ọdún 1971 ni ìjọba ti dá Industrial Training Fund sílẹ̀ kí owó lè wà láti fi kọ́ òṣìṣẹ́. Nígbà tó di 1973, wọ́n fi SIWES kún un, kí akẹ́kọ̀ọ́ lè fi ọwọ́ kan iṣẹ́ kó tó jáde ilé ìwé. Wọ́n mọ̀ pé àga kíláàsì nìkan ò tó. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ṣiṣẹ́ ọ́fíìsì n'Íbàdàn, báàgì sémínà tó ní pọ̀ débi pé òun ni ìyàwó rẹ̀ fi ń ra tòmátì ní Bódìjà. Ẹ bi í pé kí ni wọ́n kọ́ ọ níbẹ̀, irú ìrẹsì tí wọ́n jẹ ló máa sọ fún yín, àti iye ẹran tó wà lórí rẹ̀.

Níbo la bá ọ̀rọ̀ dé? Ẹ̀n-ẹ́n, ó ku ti Bàbá Ondó tí n ò tíì sọ fún yín.

Òtútù ti dé, yìnyín ti wà lójú ọ̀nà. Bàbá Ondó ti àjà kìíní jáde lọ mú lẹ́tà wọn. Bí wọ́n ṣe padà wọ ẹnu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà tútù, ẹsẹ̀ yọ̀, wọ́n fi ìdí jókòó sílẹ̀ gbì. Gbogbo ilé ti jáde kí wọ́n tó pe Jésù parí. Àwọn ọmọkùnrin méjì kan ti na ọwọ́ láti fà wọ́n dìde ní apá. Ibẹ̀ ni Ìyá Ìbejì ti ké láti orí àtẹ̀gùn: "Ẹ má fọwọ́ kàn wọ́n! Mo ti gba tréníìnì ẹ̀!"

Gbogbo wa dáwọ́ dúró. Ẹ mọ̀ pé a bọ̀wọ̀ fún ìwé. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó ká apá aṣọ sókè, ó dúró ti bàbá. Ó wo bàbá. Bàbá wò ó. Ó ní, "Ìgbésẹ̀ kìíní..." Ó dákẹ́. Ó tún ní, "Ìgbésẹ̀ kìíní ni pé..." Ló bá yíjú padà, ó ń sáré gun òkè: "Ó wà nínú fáìlì! Ẹ má gbé wọn o, mo ń bọ̀!"

Bàbá Ondó, tí ìdí wọn ti ń kú tipiri lórí ilẹ̀ tútù, bi wá pé, "Ṣé fáìlì ọ̀hún ló máa gbé mi ni?"

Àṣé Àǹtí Ẹ̀gbá ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, bàtà iṣẹ́ ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Kò pariwo. Ó kúnlẹ̀: "Ẹ pẹ̀lẹ́, Bàbá. Ẹ má tíì dìde. Ibo ló ń dùn yín? Ṣé orí yín gbá ilẹ̀?" Bàbá ní ìtìjú nìkan ló ń dun àwọn. Ó yẹ ọwọ́, ìgbáròkó àti ẹsẹ̀ wò; ó ní bó bá ṣe pé orí gbá ilẹ̀ ni, tàbí ìgbáròkó ń ro wọ́n, 911 là bá pè, a ò sì ní ṣí wọn nípò. Lẹ́yìn náà ló ní ká gbé àga méjì wá. Ó ní kí bàbá rọra yí sí ẹ̀gbẹ́, kí wọ́n fi ọwọ́ àti orúnkún dúró. Ó gbé àga kan síwájú wọn, wọ́n fi ọwọ́ méjèèjì lé e, wọ́n gbé ẹsẹ̀ tó lágbára síwájú, wọ́n ti ara wọn sókè. Kí ìdí wọn tó wá ibi tó máa gúnlẹ̀ sí, àga kejì ti wà lẹ́yìn wọn. Kò sẹ́ni tó fa apá ẹnikẹ́ni. Bàbá ló gbé ara wọn dìde.

Ìgbà náà ni Ìyá Ìbejì já dé pẹ̀lú fáìlì, tí gààrí ń dà sílẹ̀ lára rẹ̀. "Mo ti rí i! Ìgbésẹ̀ kìíní, ẹ jẹ́ kí ara aláìsàn balẹ̀!" Bàbá Ondó gbójú sókè láti orí àga. Wọ́n ní, "Ọmọ mi, o ṣeun. Bá mi kí fáìlì."

Ọ̀rọ̀ náà kò jẹ́ kí n sùn. Obìnrin méjì, olùkọ́ kan, sáńwíìsì kan náà. Kí ló dé tí ọ̀kan mọ̀ ọ́n ṣe tí ìkejì ń sáré tọ fáìlì lọ? Mo se mọ́ínmọ́ín ẹlẹ́mìí méje, mo gbé e lọ sí àjà kejì. Ẹnu tó bá ti kún fún mọ́ínmọ́ín mi, kò lè pa àṣírí mọ́.

Àǹtí Ẹ̀gbá ní bí àwọn ṣe wọ ọkọ̀ ojú irin Red Line lọ́jọ́ náà, Ìyá Ìbejì ń ya fọ́tò sátífíkéètì. Òun pa fáìlì dé, òun ní kí òun wò ó bóyá òun lè ka àwọn ìgbésẹ̀ náà lórí. Nígbà tí wọ́n dé Fullerton, ó ti gbàgbé ọ̀kan. Ní Belmont, ó ti fi ìkẹta ṣáájú ìkejì. Ìgbà tó di Wilson ló tó ṣí fáìlì, ó wo ibi tó ti ṣìnà, ó tún pa á dé, ó tún bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kí wọ́n tó dé Howard, gbogbo rẹ̀ ti pé.

Ẹ má rò pé ọgbọ́n Ẹ̀gbá nìkan nìyẹn. Ní St. Louis, àwọn olùwádìí méjì, Henry Roediger àti Jeffrey Karpicke, fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wo irú nǹkan yìí, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ jáde lọ́dún 2006. Àwọn kan ka ìwé, wọ́n sì tún un kà. Àwọn kan kà á, wọ́n pa á dé, wọ́n kọ ohun tí wọ́n rántí sílẹ̀. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 5, àwọn atúnkà ló gbapò kìíní: wọ́n rántí 81 nínú ọgọ́rùn-ún, àwọn yòókù 75. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ kan kọjá, eré ti yí: àwọn tó pa ìwé dé rántí 56, àwọn atúnkà já sí 42. Ẹni tó ń ka fáìlì lákàtúnkà rò pé òun ti mọ̀ ọ́n, ojú rẹ̀ ló kàn mọ̀ ọ́n.

Ọmọ mi tó ń lọ sí Loyola ní ọ̀rọ̀ yìí pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó ní ará Jámánì kan wà, Hermann Ebbinghaus, tó jókòó sínú yàrá, tó ń há àwọn sílébù tí kò ní ìtumọ̀ kankan sórí, tó sì ń wo bí yóò ṣe gbàgbé wọn sí. Nílé wa, Arò l'Ábẹ́òkúta ni wọn ì bá gbé e lọ. Ṣùgbọ́n ìwé tó kọ lọ́dún 1885 ni wọ́n ṣì ń kà títí dòní. Ó ń wo iye làálàá tó dín kù bó bá padà wá tún ohun náà kọ́: lẹ́yìn ogún ìṣẹ́jú, ó dín kù ní nǹkan bí 58 nínú ọgọ́rùn-ún, lẹ́yìn wákàtí kan, 44, lẹ́yìn ọjọ́ kan, 34, lẹ́yìn oṣù kan, 21. Ẹ wo bó ṣe rí: ọjọ́ kìíní gan-an ni olè ń kó ilé. Ẹni tó bá ní òun á tún ìwé wò nígbà tí àyè bá yọ, ilé tó ti ṣófo ló fẹ́ tì nílẹ̀kùn.

Àǹtí Ẹ̀gbá kò dúró dìgbà tí àyè yọ. Lálẹ́ ọjọ́ kejì, ó fi ọkọ rẹ̀ ṣe aláìsàn. Mo gbọ́ gbì lókè orí mi, mo rò pé wọ́n ń jà ni, mo tilẹ̀ ti wọ bàtà láti lọ là wọ́n kí n má baà pàdánù ìbẹ̀rẹ̀ rẹ̀. Àṣé ọkọ ló ń mọ̀-ọ́n-mọ̀ ṣubú kí ìyàwó lè gbé e dìde. Nígbà tó di Monday, nọ́ọ̀sì àgbà ibi iṣẹ́ rẹ̀, obìnrin ará Philippines kan, kò béèrè sátífíkéètì rárá. Ó ní, "Ṣe é kí n rí i." Ó ṣe é. Ó ní, "Ó dáa, kọ́ àwọn ọmọ tuntun méjì yìí." Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó tún béèrè. Nígbà tí oṣù parí, ó tún béèrè. Díẹ̀díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà.

Ohun tí nọ́ọ̀sì yẹn ṣe kì í ṣe tuntun. Nígbà Ogun Àgbáyé Kejì, tí àwọn tí kò ṣiṣẹ́ ẹ̀rọ rí kún iléeṣẹ́ Amẹ́ríkà, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Training Within Industry, láti 1940 sí 1945. Ìgbésẹ̀ mẹ́rin ni wọ́n ní kí ẹni tó ń kọ́ni níṣẹ́ máa tẹ̀ lé: múra ọkàn ọmọ iṣẹ́ sílẹ̀, fi iṣẹ́ hàn án, jẹ́ kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ ṣe é, kí o sì máa padà lọ wò ó. Ìkẹrin yẹn ni nọ́ọ̀sì àgbà ń ṣe. Ìkẹrin yẹn náà ni ọ̀pọ̀ ọ̀gá ń fò, nítorí kò sí fọ́tò nínú rẹ̀.

Ẹ dákẹ́ ná, èyí tó ń pa mí lẹ́rìn-ín jù rèé. Bí ẹ bá bọ́ sílẹ̀ ní Howard tí ẹ wọ Purple Line, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi dé Evanston, níbi tí Yunifásítì Northwestern wà. Ibẹ̀ ni òyìnbó kan, William Bascom, ti kẹ́kọ̀ọ́ lọ́dọ̀ Melville Herskovits. Ó lọ gbé ní Ilé-Ifẹ̀ lọ́dún 1937 sí 1938, ó gba oyè ọ̀mọ̀wé lọ́dún 1939, ìwé ńlá tó kọ lórí Ifá sì jáde lọ́dún 1969. Kí ló rí níbẹ̀? Ojú odù 16, gbogbo odù 256, ẹsẹ lóríṣiríṣi lábẹ́ ọ̀kọ̀ọ̀kan, ọmọ awo ò sì ní fáìlì. Olúwo á kì í, ọmọ awo á gbà á lẹ́nu rẹ̀. Kó tó gba tuntun, wọ́n á ní kó kì ti àná. Ó ń gbé àpò tẹ̀ lé ọ̀gá lọ síbi tí wọ́n ti ń dá Ifá fún èèyàn, ó ń rí i bí ohun tó há sórí ṣe ń ṣiṣẹ́. Bó bá ṣì í láàárín àwọn awo, wọ́n á tún un ṣe lójú ẹsẹ̀. Òyìnbó wá gbéra láti ìtòsí Howard lọ sí Ifẹ̀ láti lọ kọ gbogbo èyí sílẹ̀. Àwa tí a ti ọ̀hún wá, a wà ní Howard, à ń to fáìlì sórí fíríìjì!

Ẹ jẹ́ kí n ṣe ẹ̀tọ́ o. Ẹ̀bi náà kì í ṣe ti Ìyá Ìbejì nìkan. Mo gbé mọ́ínmọ́ín yòókù lọ sí àjà kẹta, mo sì gbọ́ tẹnu rẹ̀. Ó ní nígbà tí òun padà sẹ́nu iṣẹ́, ọ̀gá òun kàn gba ẹ̀dà sátífíkéètì, ó tì í sínú dúrọ́ọ̀ de àwọn tó ń wá yẹ ilé àgbà wò. Ẹ̀rọ tí wọ́n fi ń gbé aláìsàn, èyí tí olùkọ́ lo gbogbo ọ̀sán láti kọ́ wọn, bátìrì rẹ̀ ti kú níbi iṣẹ́ tirẹ̀, kò sẹ́ni tó pààrọ̀ rẹ̀. Ó ní òun sọ fún àwọn ẹlẹgbẹ́ òun pé ọ̀nà tuntun wà, wọ́n ní kó jọ̀ọ́, àwọn ò ráyè. Ṣíìfù méjì, ìbejì méjì, ẹ̀rọ kan tí kò ṣiṣẹ́: níbo ni ẹ̀kọ́ fẹ́ dúró sí? Ẹ lè kọ́ èèyàn ní ìlù lílù títí di ọ̀la, bí ẹ bá gba ìlù lọ́wọ́ rẹ̀ nígbà tó délé, kò lè lu nǹkan kan.

Ṣé ẹ fẹ́ mọ ibi tọ́rọ̀ dé báyìí? Bàbá Ondó ti sọ ara wọn di ọ̀gá ìdánwò. Bí Ìyá Ìbejì bá ń gbé ìdọ̀tí jáde, wọ́n á pè é láti ẹnu ọ̀nà: "Ìgbésẹ̀ kẹta ńkọ́?" Ní ìbẹ̀rẹ̀, ó máa ń bínú. Ní báyìí, kò tíì sọ̀ kalẹ̀ tán tó ti ń dáhùn, àwọn ìbejì gan-an ti há a sórí. Kò sì sẹ́ni tó fún wọn ní sátífíkéètì kankan.

Nítorí náà, ẹ̀yin ọ̀gá tí ẹ ń rán èèyàn lọ sí wọ́kíṣọ́ọ̀pù, ẹ fi ẹ̀dà ìwé sílẹ̀ fún dúrọ́ọ̀. Lọ́jọ́ Monday, ẹ ní kí wọ́n ṣe é lójú yín. Ẹ tún béèrè lọ́sẹ̀ kejì, ẹ tún béèrè lóṣù tó ń bọ̀, kí ẹ sì ra bátìrì ẹ̀rọ kí ẹ tó rán wọn lọ kọ́ ọ. Ẹ̀yin tí wọ́n ń rán, kí ẹ tó ya fọ́tò, ẹ pa fáìlì dé, kí ẹ sọ ohun tí ẹ gbọ́ jáde lẹ́nu, kí ẹ sì kọ́ ẹnìkan kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó ṣú. Ẹni tí kò bá ní ọkọ tó lè ṣubú fún un, kó wá sọ́dọ̀ mi. Mo lè jókòó gbọ́ ọ̀rọ̀ látàárọ̀ dalẹ́, ẹ ṣáà ti mọ̀ mí. Ṣùgbọ́n kó má gbé sáńwíìsì tòlótòló yẹn wá o.